Ọmọ Ogúnléńdé: Ṣé Irọ́ Ló Ń Pa?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Gwagwalada, Yorùbá ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ààbò lọ sí ìlú onílùú ló mú wa pa òwe yìí. Bí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀rí tó sábà máa ń ní. Bí ohun tó sọ lónìí bá yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àná, òṣìṣẹ́ ìjọba lè ní irọ́ ló ń pa.

Àwa kò fara mọ́ èyí. Ní 2002, Jane Herlihy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ogúnléńdé 39 láti Kosovo àti Bosnia lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìjọba ti gba àwọn wọ̀nyí láyè láti dúró. Kí ni wọn ìbá tún máa purọ́ sí? Síbẹ̀, ìdáhùn wọn yàtọ̀ síra, pàápàá lórí nǹkan kéékèèké. Ní ti àwọn tí ìpayà ogun ṣì ń dà láàmú, bí àárín ìbéèrè méjèèjì ṣe pẹ́ tó ni ìyàtọ̀ náà pọ̀ tó. Iyè ènìyàn kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Bí ti àgbà bá rí báyìí, ti ọmọdé ńkọ́?

Wọ́n tún máa ń jiyàn ọjọ́ orí wọn. Mélòó nínú àwọn bàbá àgbà wa ló mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i? Ọdún Wẹtíẹ̀, ọdún tí ọba kan gorí ìtẹ́, la fi ń ṣírò. Òfin tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan tí Nàìjíríà ń lò báyìí, 1992 ló dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti 1990 títí di 2007 ni ibùdó ogúnléńdé fi wà ní Orù-Ìjẹ̀bú, tí àwọn ará Làìbéríà àti Sàró ń gbé ibẹ̀. Ní Àbújá níbí, a ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí ogun Boko Haram lé kúrò ní Borno.

Àwọn kan yóò ní òpùrọ́ wà láàárín wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dá padà sọ́wọ́ ọ̀tá nítorí pé ó ṣi ọjọ́ kan pè, ta ni yóò bá a gba ẹ̀mí rẹ̀ padà?

Ẹ̀yin tó ń kọ́ òfin, ìṣègùn àti èdè, lọ́la ẹ lè jẹ́ adájọ́ tàbí ògbufọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ fún un láyè kó ronú. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò.