Ẹ Má Yọ Afẹ́fẹ́ Táyà Nítorí Oòrùn

Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, àti ẹ̀yin èrò tó ń jókòó tì wọ́n. Táyà ni mò ń lẹ jẹun nílùú Ìta-Ògbólú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí oòrùn bá ti ga tán, awakọ̀ á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kò ní sọ̀ kalẹ̀, á kàn na ọwọ́ sẹ́yìn ọkọ̀: "Bàbá, ẹ bá mi dín afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn yẹn kù. Ilẹ̀ ti gbóná, kó má lọ bẹ́ mọ́ mi lábẹ́."

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nìyí: oòrùn mú, afẹ́fẹ́ inú táyà ń wú, táyà tó bá wú ju agbára rẹ̀ lọ á bẹ́, nítorí náà kí á tètè yọ díẹ̀. Ó jọ òótọ́, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Èmi náà ti yọ ọ́ fún ènìyàn rí, mo sì gbowó lé e.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Táyà tí géèjì kà sí 32 psi láàárọ̀ kùtùkùtù, bí ara rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 60 Sẹ́líṣíọ́sì lórí ọ̀dà, bíi 37 ni géèjì á kà. Márùn-ún péré ló lé. Àwọn tó ṣe táyà mọ̀ pé yóò gbóná. Iye tí wọ́n ní kí ẹ fẹ́ ẹ dé, ti táyà tútù ni, wọ́n ti fàyè ìyókù sílẹ̀. Táyà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ kó tó ya.

Afẹ́fẹ́ tí kò tó ló ń pa táyà. Ẹ mú wáyà kan, ẹ ṣẹ́ ẹ síwájú, ẹ ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn léraléra, kí ẹ wá fọwọ́ kan ojú ibi tó ń ṣẹ́. Yóò jó yín lọ́wọ́ kó tó já. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré. Gbogbo ìgbà tó bá yí ló ń tẹ̀ tó sì ń nà, bí ẹ bá sì ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí, á ṣe bẹ́ẹ̀ ní bíi ìgbà 800 láàrin ìṣẹ́jú kan. Ooru tó ń tú táyà ká, inú táyà fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Ẹni tó yọ afẹ́fẹ́ kí táyà má baà gbóná, ó fi kún iná.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n gbé ọkọ̀ akérò kan dé ọ̀dọ̀ mi láti ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Mo tú táyà ẹ̀yìn tó bẹ́, lẹ́búlẹ́bú dúdú sì dà sílẹ̀ bí èédú tí wọ́n gún lódó. Rọ́bà táyà náà ni, òun ló lọ ara rẹ̀ kúnná. Òrùka kan ti yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ po níbi tó ti ń ṣẹ́, okùn inú rẹ̀ sì yọ síta bí òwú. Awakọ̀ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń búra pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ òun ti ní kí wọ́n yọ díẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Mo ti géèjì bọ táyà ẹ̀yìn kejì tí kò bẹ́. 19 ni.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì Ìta-Ògbólú nìkan lèyí, kó wo Amẹ́ríkà. Lóṣù kẹjọ ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ táyà Firestone ní kí wọ́n dá táyà mílíọ̀nù 6.5 padà, ọ̀pọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Ford Explorer. Ó ju igba ènìyàn lọ tó kú nínú ìjàǹbá táyà náà. Táyà náà ní àléébù tirẹ̀, mi ò ní fi bò. Ṣùgbọ́n 26 ni Ford ní kí wọ́n fẹ́ ẹ sí, Firestone sì wá ní 30 ló yẹ. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin tó mú kí iná kan máa tàn níwájú awakọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ti lọ sílẹ̀ jù. Òfin náà kò béèrè iná kankan fún afẹ́fẹ́ tó pọ̀. Iná yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ẹ ń wà. Mo ti rí ẹni tó fi téèpù dúdú bò ó kó má baà dí òun lójú.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń wo ìdíje ọkọ̀ lórí fóònù bá mi jiyàn: ṣebí afẹ́fẹ́ díẹ̀ làwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré gbọọrọ l'Amẹ́ríkà ń fi sí táyà ẹ̀yìn? Òótọ́ ni. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ Top Fuel, ọ̀kan lára ọkọ̀ eré náà, kì í gbà ju bíi 7 lọ, kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ kó di ilẹ̀ mú. Wọ́n á kọ́kọ́ yí i lójú kan títí yóò fi máa rú èéfín, kó lè lẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fò jáde, ìwúwo rẹ̀ á rọ́ sẹ́yìn, á tẹ táyà náà mọ́lẹ̀, iwájú á fúyẹ́. Àmọ́ mítà 305 ni gbogbo ìrìn àjò rẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, lójú ọ̀nà tó tọ́ bí ọ̀pá. Lẹ́yìn eré bíi mélòó kan, wọ́n á sọ táyà náà nù. Ó ju 40 kìlómítà lọ láti Àkúrẹ́ dé Adó, ó sì ní kọ́nà.

Ẹ wá wo ẹrù wa. Àpò gàrí mẹ́ta, iṣu, ẹrù èrò, gbogbo rẹ̀ nínú bùùtù, lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Ẹrù náà ń tẹ ẹ̀yìn, ó sì ń gbé iwájú sókè, síárìn á wá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín ní kọ́nà. Táyà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ yẹn náà ni gbogbo ìwúwo yìí ń wó lé. Ẹ kó èyí tó wúwo síwájú bùùtù, kó fara ti ẹ̀yìn àga, kí ẹ sì fi fífúyẹ́ sẹ́yìn.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó rẹ̀: bébà kékeré kan wà níbẹ̀ tó sọ iye tí táyà iwájú àti tẹ̀yìn ń gbà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó máa ń wà láàrin 30 sí 35. Ìyẹn lẹ ó tẹ̀ lé. Iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, òpin ohun tó lè gbà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ débẹ̀, àárín táyà rẹ̀ nìkan ni yóò máa jẹ ilẹ̀. Ẹ̀yin fọganáísà ẹlẹgbẹ́ mi, bí táyà gbígbóná bá ka 37, ẹ fi í sílẹ̀. Bí awakọ̀ bá bínú, kó máa bínú lọ.

Táyà tútù là ń géèjì. Láti aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ni géèjì mi máa ń wà lórí àga níta. N kì í gbowó wíwò.