Yàrá Kan ní Kútọnu
Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi kúrò ní Kétu lẹ́yìn ìgbéyàwó, yàrá kan ṣoṣo ni agbára wa ká ní Kútọnu. Owó oṣù 3 ni onílé gbà kí ó tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Ìdílé 6 ni ó ń lo kànga kan náà.

Ní Kétu, bí tọkọtaya bá ń jà, àwọn àgbà agboolé yóò là wọ́n. Ní Kútọnu, ìyá Fọ̀n kan tí ń ta àkàsà ni ó ń là wá. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ìbínú. Yóò wọlé, yóò jókòó, kò ní dìde títí a ó fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá yàrá, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn ará ilé kí ẹ tó bèèrè owó rẹ̀.