Ẹ Má Jẹ́ Kí Fídíò Gbé Àmì Wa Mì

Ní ẹ̀ka wa, iṣẹ́ àṣekágbá kì í ṣe ìwé nìkan mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń ká oríkì, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti eré sórí fídíò, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìkánjú la fi ń gbé fídíò náà jáde lórí kọ̀ǹpútà, àmì ọ̀rọ̀ wa ló sì kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ọkọ mi dà?" Bí àmì abẹ́ lẹ́tà bá parẹ́, "Oko mi dà?" ló kù. Obìnrin tó ń wá ọkọ ti di àgbẹ̀. Ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ náà kò ṣàṣìṣe. Codec ló gbé àmì mì.

H.264, tó jáde ní 2003, ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ó ń dín fídíò kù nípa sísọ ohun tí ojú kì í tètè rí nù. Bí a ṣe sábà ń lò ó, àwọ̀ ẹyọ kan ló ń pa mọ́ fún pixel mẹ́rin. Bó bá jẹ́ ewé tàbí òfuurufú, kò sẹ́ni tó máa fura. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ lẹ́tà kò ju pixel díẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pupa lórí búlúù, àbàwọ́n ló máa dà. YouTube yóò tún un fún pọ̀, WhatsApp náà yóò fún tirẹ̀.

Àwọn kan rò pé yíyan MOV dípò MP4 ti tó. Rárá o. Agbè ni méjèèjì. Codec ni omi inú wọn.

Èrò mi ni pé kí a máa gbé fáìlì méjì jáde. Èkíní ni ojúlówó tí a ó fi pamọ́: ProRes 422 HQ, tàbí DNxHR HQX fún ẹni tó ń lo Windows. Bí àwòrán tàbí àkọlé bá máa hàn gaara lórí fídíò mìíràn, ProRes 4444 ni kí ẹ lò, nítorí 422 kì í pa ìhàngaara mọ́. Láti ara ojúlówó yìí ni kí ẹ ti wá ṣe H.264 fún ìpínkiri. Kí ẹ sì tọ́jú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà lọ́tọ̀ sínú fáìlì SRT, ní UTF-8, kí ọ̀rọ̀ lè máa jẹ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ ó ní àyè kò sí. Òótọ́ ni pé fídíò ìṣẹ́jú 10 ní 1080p, ní frame 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó nǹkan bí 14GB ní ProRes 422 HQ, ní H.264 tó jẹ́ 8Mb/s, bíi 600MB ni. Síbẹ̀, flash 32GB kan gbà á. Ẹni tó bá sì fi H.264 nìkan pamọ́, tó wá sọ ọ́ di ProRes lọ́la, agbè ńlá ló rà. Omi tó ti dànù kò padà.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka wa máa gba fáìlì ojúlówó pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekágbá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ bá wa dá owó ra hard drive tí a ó máa kó wọn sí. A lè tún ìwé tẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà tí a ká ohùn rẹ̀ lónìí lè má sí nílé mọ́ tí a bá padà lọ.