Òrùlé Nìkan Kì í Ṣe Ìtọ́jú

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé yìí lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀ mọ́. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹnì kan bá kọ́ yàrá mẹ́rin, tí ó mọ odi yí i ká, tí ó sì kọ “Ilé Ìtọ́jú” sí ẹnu-ọ̀nà, gbogbo wa ni a óò máa kí i pé ó ṣeun. Àwọn abirùn àti àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà ni a óò kó sínú rẹ̀. Ta ni ó ń béèrè bí wọ́n ti ń gbé níbẹ̀?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe. Ní oṣù kan náà ni ẹgbẹ́ Human Rights Watch, tí ó ti bẹ ibi 28 wò ní Nàìjíríà, kéde pé a ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn aláìsàn, àwọn ọmọdé pẹ̀lú. Kí onígbàgbọ́ má ṣe nàka sí mùsùlùmí, kí mùsùlùmí má sì nàka sí oníṣègùn ìbílẹ̀: gbogbo wọn ni ìròyìn náà kàn, títí kan àwọn ilé ìjọba.

Àwọn kan ń wí pé àṣà òyìnbó ni kí a máa wádìí irú nǹkan báyìí. Irọ́ ni! Ẹ lọ béèrè ní Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí a kò tíì kọ́ ilé-ìwòsàn náà tán. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́ àgbàlá. Ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé ìtòsí ni ó fi wọ́n sí. Olúkúlùkù mú ìbátan kan dání, ìbáà ṣe ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, tí ń se oúnjẹ fún un, tí ó sì ń mú un lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a a bá wọn lọ sí oko, a sì bá wọn ṣe ayẹyẹ abúlé. Onílé ń gba owó ilé. Abúlé ń rí omi tí ó mọ́ àti ṣáláńgá. Àwọn àgbẹ̀ bí tiyín ni ó ṣe èyí, tí àwọn oníṣègùn àgbáyé fi wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn!

A kò wí pé kí a padà sí 1954. Àwọn ọmọ wa ti lọ sí Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá arúgbó ni ó kù nílé pẹ̀lú ọmọ ogójì ọdún tí kò lè dá wẹ̀. Bí ìyá náà bá kú ńkọ́? Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe nílò àwọn ilé wọ̀nyí, nítorí rẹ̀ náà ni a kò ṣe gbọdọ̀ gba ìgbàkugbà. Olùtọ́jú tí a kò kọ́ níṣẹ́, tí a kò sì san owó fún, kò lè ṣe ju pé kí ó ti ìlẹ̀kùn kí ó sì sùn lọ.

Òfin wà. Ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí èyí tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn abirùn léèwọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ó fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò Òfin Wèrè ti 1958, èyí tí gbòngbò rẹ̀ ti wà láti 1916. Ẹ rò ó wò! A gba òmìnira ní 1960, síbẹ̀ òfin òyìnbó amúnisìn ni a fi ń ṣe àkóso àwọn aláìlera wa fún ọdún 62 lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kò le: kí ó mọ gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó máa rán olùbẹ̀wò síbẹ̀ láìkéde, kí ó sì kọ́ àwọn olùtọ́jú níṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sí owó. A rí aṣọ àwọn regbéregbé àti àwọn ẹṣin ní Ojúde Ọba (ó wù wá, a kò bú wọn). Ǹjẹ́ regbéregbé kan kò lè gba ilé kan mọ́ra, kí ó máa bẹ̀ ẹ́ wò ní oṣooṣù?

Bí ẹ bá dé ẹnu-ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ má wo ọ̀dà ara ògiri. Ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé ibẹ̀ bóyá ó lọ sí ọjà lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, àti ẹni tí ó ń tọ́jú owó rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn níṣojú olùtọ́jú rẹ̀, ẹ padà lọ ní ọjọ́ tí ọ̀gá ilé kò retí yín.