Ta ló ń wọn agbára káàdì kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fẹ́ rà?

Ní ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, Nvidia gbé káàdì GeForce RTX 5060 jáde ní $299. Káàdì yìí kì í ṣe ti olówó ńlá, kì í sì í ṣe èyí tó kéré jù. Irú ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onígéèmù àtàwọn tó ń ṣe fídíò máa ń tu owó jọ rà. Àmọ́ lọ́jọ́ tó dé ọjà, ọ̀pọ̀ àwọn tó máa ń dán káàdì wò ò ní èsì kankan láti fi han èèyàn.

Kì í ṣe pé wọ́n sùn o. Káàdì ò lè ṣiṣẹ́ láìsí driver, Nvidia ò sì fún wọn ní driver títí di ọjọ́ yẹn gan-an. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gba Taipei lọ fún ìpàtẹ Computex.

Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn díẹ̀ rí driver gbà ṣáájú, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn nínú. Gẹ́gẹ́ bí àwọn oníròyìn tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà ṣe sọ, Nvidia ló yan géèmù tí wọ́n máa fi dán an wò, òun ló yan ètò inú géèmù, òun náà ló sì yan àwọn káàdì àtijọ́, bíi RTX 3060, tí wọ́n máa fi wé e. RTX 4060 tó ṣáájú ẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Kí ló burú nínú ìyẹn? Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wọ̀n jù ni fps, ìyẹn iye àwòrán tí káàdì ń gbé jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ 60, géèmù á máa lọ geere. Tó bá jẹ́ 30, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Àwọn káàdì tuntun Nvidia wá ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní Multi Frame Generation: tí káàdì bá ti ya àwòrán gidi méjì, AI lè fi mẹ́ta mìíràn há àárín wọn. Báyìí ni 30 ṣe lè di nǹkan bí 120 lójú.

Lójú ni mo wí. Àwòrán gidi nìkan ló ń gbọ́ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe lórí mouse. Torí náà, ẹ máa rí 120, àmọ́ ọwọ́ yín á ṣì mọ̀ pé 30 ni. RTX 3060 ò sì ní ọgbọ́n yìí rárá. Ká wá gbé àwọn méjèèjì sójú ìwọ̀n kan náà dà bí ìgbà tá a ní kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn bá ọlọ́kadà sáré.

Irú ìṣirò yìí náà ni Jensen Huang, ọ̀gá Nvidia, lò ní oṣù Kìíní ọdún 2025, nígbà tó ní RTX 5070 tó jẹ́ $549 máa ṣe bíi RTX 4090 tó jáde ní $1,599. Ó fi kún un pé láìsí AI, kò lè ṣeé ṣe. Òótọ́ ni. Tí wọ́n bá yọ àwòrán AI kúrò, 5070 ò sún mọ́ 4090.

Nígbà táwọn aṣàyẹ̀wò wá dán RTX 5060 wò bó ṣe wù wọ́n, ó fi nǹkan bí 20% yára ju 4060 lọ. Ìyẹn ò burú, owó kan náà ni wọ́n kúkú gbé méjèèjì jáde. Ibi tó ti ń dun èèyàn ni mẹ́mórì: 8GB péré ni, nígbà tí RTX 3060 ọdún 2021 ti wá pẹ̀lú 12GB.

Ọ̀rọ̀ mẹ́mórì yìí ni fps lásán kì í sọ dáadáa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, RTX 5060 Ti jáde ní oríṣi méjì, 8GB ní $379 àti 16GB ní $429. Chip kan náà, orúkọ kan náà. Èyí tó ní 16GB ni Nvidia mú kó tètè dé ọwọ́ àwọn aṣàyẹ̀wò. Àwọn tó fẹ́ dán 8GB wò ní láti fowó ara wọn rà á. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú àwọn géèmù tó ń jẹ mẹ́mórì, 8GB máa ń kọsẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń lọ. Nínú òmíràn, fps á dúró síbi tó wà, àmọ́ àwòrán ara ògiri àti aṣọ á ti di bàìbàì. AMD náà ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú RX 9060 XT lóṣù Kẹfà: 8GB àti 16GB, orúkọ kan ṣoṣo.

Fún ẹni tó fẹ́ ra káàdì ní Computer Village n'Íkẹjà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn òyìnbó. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán, ó lè ṣòro kẹ́ ẹ tó rí i dá padà. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí àtẹ èsì, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ṣé wọ́n tan frame generation sílẹ̀? Mélòó ni 1% low, ìyẹn bí géèmù ṣe ń lọ nígbà tó bá le jù? Mélòó GB ni káàdì tí wọ́n dán wò gan-an? Ṣé bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà wọn bá tiyín mu? RTX 5060 àti 5060 Ti ń lo lane PCIe mẹ́jọ péré, nítorí náà lórí bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó jẹ́ PCIe 3.0, ìyà 8GB máa ń pọ̀ sí i tí mẹ́mórì bá ti kún.

Frame generation fúnra ẹ̀ kì í ṣe jìbìtì. Tí káàdì bá ti ń ya 60 gidi, ó máa ń jẹ́ kó dùn ún wò. Àmọ́ ta ló máa sọ pé ọbẹ̀ òun ò dùn? Ẹni tó ń ta káàdì ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa yan bí wọ́n ṣe máa wọ̀n ọ́n. Tí èsì ẹni tó dá dúró ò bá tíì jáde, ẹ di owó yín mú. Ọ̀sẹ̀ kan ò ní kí káàdì tán lọ́jà.