Méjìlá Péré

Àwòrán inú fóònù mi lé ní 3,000. Síbẹ̀, nígbà tí ìyá àgbà wa papò dà, n kò rí ẹyọ kan tí ó ṣe é gbé kọ́ ògiri. Èyí ni ó mú mi ronú kan kámẹ́rà Mamiya Six.

Ní ọdún 1940 ni Seiichi Mamiya, ọmọ ilẹ̀ Japan, gbé e jáde. Bí a bá ṣí i, awọ rẹ̀ á nà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bí a bá pa á dé, á wọ àpò kóòtù. Àwọn ará Jámánì ti ń ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì ni ọ̀pọ̀ tiwọn ń yí kí àwòrán lè mọ́ kedere. Fíìmù tí ó wà lẹ́yìn ni Mamiya ń sún ní tirẹ̀. Àwòrán 12 ni fíìmù kan sì ń gbà. Nígbà tí Fuji gbé GS645 jáde ní 1983, kámẹ́rà àkápọ̀ ti ní ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú. Síbẹ̀, àwòrán 15 péré ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí ó mọ̀ pé 12 péré ni òun ní, ìyá àgbà ni yóò kọ́kọ́ pè jókòó.