Ẹran Tí A Kò Pa, Kí Ni A Kọ Sí Ara Páálí Rẹ̀?

Ẹ̀yin ará mi nínú Islam, àti ẹ̀yin oníṣòwò pẹ̀lú, mo fẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé aṣòfin Yúróòpù dìbò pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orúkọ bíi steak àti burger pe oúnjẹ tí a fi ẹ̀wà tàbí irúgbìn mìíràn ṣe. Ní tèmi, ìjà àwọn ọlọ́sìn ẹran àti àwọn oníléeṣẹ́ nìyẹn. Àwọn ìyá wa tí ń ta wàrà sóyà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n pe sóyà mọ́ ọn, ẹni tí ó rà á sì mọ̀ pé kì í ṣe wàrà Fúlàní.

Èyí tí ó kàn wá ni ẹran tí a kò pa rárá. Wọn a mú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára màlúù tàbí adìyẹ, wọn a fi í sínú omi aṣaralóore nínú àgbá irin, a sì máa pọ̀ sí i títí yóò fi di ẹran. Ní 2013 ni ọ̀mọ̀wé Mark Post gbé ti màlúù kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n dín in, tí wọ́n sì jẹ ẹ́. Singapore gba títa ti adìyẹ láyè ní 2020, Amẹ́ríkà ní 2023. Àkọlé tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí sọ pé láti inú sẹ́ẹ̀lì ni adìyẹ náà ti wá. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó Mùsùlùmí.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tí a kò tíì bí ni wọ́n ti ń yọ omi tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí níbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀, òkú ẹran àti ẹlẹ́dẹ̀, èèwọ̀ ni wọ́n nínú Suratul Maidah. Àwọn kan ti pa ẹ̀jẹ̀ náà tì o. Singapore gba irú èyí tí kò ní in láyè ní 2023. Ta ni yóò wá sọ fún ẹni tí ó dúró níwájú káńtà èwo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní 2024, ìgbìmọ̀ fatwa MUIS ní Singapore ní ó lè jẹ́ halal, bí ó bá jẹ́ pé ara ẹran tí ó tọ́ sí wa ni wọ́n ti mú un, tí èèwọ̀ kò sì sí nínú èròjà rẹ̀. Lórí “bí” yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró, òun náà ni n kò sì rí lára páálí. Èmi a tún béèrè bóyá wọ́n pa ẹran náà kí wọ́n tó mú sẹ́ẹ̀lì, nítorí ohun tí a gé lára ẹran láàyè, òkú ẹran ni lójú òfin wa.

NAFDAC ni ó ń bójú tó àkọlé oúnjẹ inú páálí nílé wa. Kí wọ́n pàṣẹ nísinsìnyí, kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ tó kún èbúté Apapa, pé kí a kọ irú ẹran tí ó jẹ́, bí a ṣe mú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àti ohun tí a fi bọ́ ọ. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹni tí ó kó o wá fún yín kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí ó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ.